Àwọ̀ àti Àmì Ara Màlúù

Àwọ̀ irun àti àmì ara ni ohun àkọ́kọ́ tí ojú fi ń dá ìran màlúù kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Ní Sango-Ọ̀tà, níbi tí ọ̀nà Abẹ́òkúta ti pàdé ọ̀nà Ìdírókò, òkè Ọya ni ọkọ̀ akẹ́rù ti ń kó ọ̀pọ̀ jù nínú màlúù tí àwọn alápatà ń pa wá, funfun ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Bákan náà ló rí ní ọjà Kárà tó wà létí odò Ògùn, àti ní odò ẹran Oko-Ọba ní Agége.

Màlúù funfun yìí ni Hausa ń pè ní Bunaji, tí ìwé àwọn onímọ̀ ń pè ní White Fulani. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo màlúù Nàìjíríà. Irun rẹ̀ funfun, àmọ́ etí, imú, ìpéǹpéjú, pátákò àti ṣóńṣó ìwo rẹ̀ dúdú. Àwọn mìíràn ní àmì dúdú tó-tò-tó lọ́rùn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí ẹni tó ń wò ó lókèèrè kì í mọ̀ ni pé awọ abẹ́ irun funfun náà dúdú. Méjèèjì ló ṣàǹfààní fún ẹran tó ń fi ọjọ́ gbogbo jẹko nínú oòrùn: irun funfun ń dá ìmọ́lẹ̀ padà kí ooru má baà wọra púpọ̀, awọ dúdú sì ń dènà ìtànṣán tó lè jó ara.

Rahaji, tí wọ́n tún ń pè ní Red Bororo, pupa rúsúrúsú láti orí dé ìrù, ìwo rẹ̀ sì gùn ju ti Bunaji lọ. Gúdálì Sókótó kò ní ìwo gígùn. Jọ̀jọ̀ rẹ̀ tó tóbi tó sì rọ̀ dòdò ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, àwọ̀ rẹ̀ sì lè jẹ́ ti eérú tàbí funfun tó pọ́n díẹ̀. Ti Adamáwá lè pupa, ó sì lè jẹ́ abílà. Kuri ti adágún Chad tún funfun, ṣùgbọ́n kò ní iké, ìwo rẹ̀ sì wú bọ̀kọ̀tọ̀.

Kí ọkọ̀ akẹ́rù tó dé, màlúù ilẹ̀ igbó ni Muturu: kúkúrú, aláìníké, dúdú tàbí dúdú tó ní àbùlẹ̀ funfun. Ìbátan rẹ̀ ni màlúù kékeré etí òkun tí wọ́n ń pè ní Lagune ní Benin. N'Dama, tí orírun rẹ̀ wà ní òkè Futa Jallon ní Guinea, pupa rẹ́súrẹ́sú. Àwọ̀ dúdú máa ń fa eṣinṣin tsetse mọ́ra, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi aṣọ búlúù àti dúdú ṣe pàkúté fún un; síbẹ̀ Muturu dúdú wà lára àwọn tó ń fara da àìsàn tí eṣinṣin yìí ń tàn kálẹ̀. Àbínibí ni agbára yẹn, kì í ṣe ti àwọ̀ irun. Kétékú, tí Muturu àti màlúù oníké jọ bí, wà ní Borgu àti apá Ṣakí.

Èròjà méjì ló ń pilẹ̀ àwọ̀ gbogbo màlúù: eumelanin ń mú dúdú wá, pheomelanin ń mú pupa wá. Jíìnì MC1R ló ń darí wọn. Ẹ̀dà kan tó ń mú dúdú wá tó láti borí, ṣùgbọ́n kí ọmọ tó lè pupa nípa ẹ̀dà tí kò lágbára, ó gbọ́dọ̀ gbà á lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ kò dé nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú ni àbùlẹ̀ funfun ti ń hàn, ìdí nìyẹn tí àmì ara màlúù Friesian alábùlẹ̀ méjì kì í fi bára mu.

Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn NAPRI ní Shika, lẹ́bàá Zaria, ti fi Friesian gun Bunaji kí wàrà lè pọ̀ sí i. Irú àdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ ló fà á tí àwọ̀ nìkan kò fi tó ṣẹ̀rí ìran. Ẹni tó bá fẹ́ dájú yóò wo iké, ìwo àti jọ̀jọ̀.

Àwọ̀ pọ̀nmọ́ kò sọ irú màlúù tó ti wá. Èyí tí wọ́n fi iná jó irun rẹ̀ ló ń dúdú. Èyí tí wọ́n fi omi gbígbóná bọ̀, tí wọ́n sì fi abẹ fá, a máa funfun, ì báà jẹ́ lára Bunaji aláwọ dúdú, nítorí orí awọ ni dúdú náà wà, abẹ sì ti ha á kúrò.