Ìsoríkọ́ Ìgbà Ọ̀sán-Kúkúrú: Orúkọ Wo Ló Yẹ Àìsàn Yìí?

Ní 1984, ní ilé ìwádìí ìlera ọpọlọ tí ìjọba Amẹ́ríkà ní sí Bethesda, Norman Rosenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa àwọn èèyàn kan tí ìsoríkọ́ máa ń mú lọ́dọọdún bí ìgbà òtútù bá ti wọlé, tí yóò sì fi wọ́n sílẹ̀ bí oòrùn bá tún ń pẹ́ lójú ọ̀run. Wọn a máa sùn àsùnjù, búrẹ́dì àti nǹkan aládùn a máa wù wọ́n jẹ, ojú èèyàn kò sì ní wù wọ́n rí. Gúúsù Áfíríkà ni Rosenthal ti wá. Ara rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n nígbà tó dé New York.

Bí a bá fẹ́ fún àìsàn yìí lórúkọ Yorùbá, "ìsoríkọ́ ìgbà òtútù" ló máa ń kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu. N kò fara mọ́ ọn, nítorí òtútù kọ́ ló ń fà á, ojúmọmọ tó kúrú ni. Ọyẹ́ a máa mú nílé títí ètè yóò fi bó, síbẹ̀ oòrùn ń ràn. Ní Èkó, ìyàtọ̀ àárín ọ̀sán tó gùn jù lọ́dún àti èyí tó kúrú jù kò tó wákàtí kan. Ní London, ọ̀sán oṣù Kẹfà ju wákàtí 16 lọ, ti oṣù Kejìlá kò ju bíi 8 lọ. Nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́ kílẹ̀ tó mọ́, tílẹ̀ sì ti ṣú kó tó padà, bó bá gbọ́ "òtútù," kóòtù ni yóò lọ rà. "Ọjọ́ kúkúrú" náà kò bá a mu, torí yóò dà bí àìsàn tí kì í pẹ́ lára. Mo fara mọ́ "ìsoríkọ́ ìgbà ọ̀sán-kúkúrú."

Ìtọ́jú rẹ̀ tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe ńkọ́? "Iná" ń jóni, kò yẹ ká fi sórúkọ ìwòsàn. "Yíyá oòrùn" dùn létí, ṣùgbọ́n ooru ara ló ń sọ. Ojú ni ìmọ́lẹ̀ yìí ń gbà wọlé láti sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́. Alfred Lewy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní 1980 pé ìmọ́lẹ̀ tó bá mọ́lẹ̀ gan-an ń dín melatonin, èròjà alẹ́ inú ara, kù. Aláìsàn yóò jókòó síwájú àpótí ìmọ́lẹ̀ tó ní agbára 10,000 lux fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 láàárọ̀, ojú rẹ̀ yóò là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní tẹjú mọ́ ọn. Nítorí náà ni mo ṣe ń pè é ní "ìfojúgbamọ́lẹ̀." Kí ẹni tó bá ní àrùn ojú kọ́kọ́ rí dókítà o.

Orúkọ ìtọ́jú kejì, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe, ló le jù. "Ìgbaninímọ̀ràn" ni ọ̀pọ̀ ń lò, bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, àgbà ní ń gbani nímọ̀ràn, ọmọdé a dáhùn pé, "Ẹ ṣé, mo ti gbọ́." Ọ̀nà tí Kelly Rohan ti Yunifásítì Vermont là sílẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n ń pàdé, aláìsàn fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́ jù. Bó bá ń rò pé "kò sí ohun tó lè dùn mọ́ mi títí òtútù yóò fi lọ," yóò yẹ èrò náà wò bóyá òótọ́ ni. Yóò wá mú ohun kan tó lè ṣe, ì báà jẹ́ kó kàn rìn dé ilé ọ̀rẹ́, yóò sì ṣe é bí kò tilẹ̀ wù ú. Èrò ni wọ́n ń tún rò, ìṣe ni wọ́n ń tún ṣe. "Ìtọ́jú àtúnrò-àtúnṣe" ni kó máa jẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó ń ká mi lára. Rohan fi ìtọ́jú méjèèjì wéra láàárín èèyàn 177. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, ọgbọọgba ni wọ́n. Ní ìgbà òtútù kejì lẹ́yìn náà, àìsàn tún mú ìpín 45.6 nínú 100 àwọn tó lo ìmọ́lẹ̀, àti 27.3 péré nínú àwọn tó ṣe àtúnrò-àtúnṣe. "Ìfàsẹ́yìn" ni ìwé ìlera wa ìbá pe èyí, bí ẹni pé aláìsàn ló jẹ̀bi. "Ìpadàdé" ni kí wọ́n kọ síbẹ̀. Àkókò ló padà dé, àìsàn sì bá a dé. Ẹni tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò ti gbé àpótí rẹ̀ jáde, yóò sì ti mú ìwé tó fi ń yẹ èrò rẹ̀ wò, kí oṣù Kẹwàá tó parí.