Ọjọ́ tí Wáyà Abẹ́ Òkun Já

Mo lè to Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, sílẹ̀ ní wákàtí-wákàtí, nítorí pé irinṣẹ́ tí a fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà a máa kọ àkókò sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ibi tí irinṣẹ́ kò bá kọ, mo bi àwọn tí a jọ wà níbẹ̀.

Aago 4:30 ìdájí

Ọjọ́ kẹrin ààwẹ̀ Ramadan nìyẹn. Gbogbo ilé wa ní Moníyà, ní Ìbàdàn, ti jí jẹ sààrì. Iná wà, mo tètè ki fóònù méjèèjì tí a máa gbé lọ sóko bọ ojú iná. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe gàrí ló bẹ̀ wá lọ́wẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ iye ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí ní àwọn abúlé ojú ọ̀nà Moníyà sí Ìjàyè, iye àpò tó ń jáde níbẹ̀ lọ́sẹ̀, àti ibi tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ti kú. Ìbéèrè 17 ni, a ti kó gbogbo rẹ̀ sínú ODK, áàpù tí a fi ń gba ìdáhùn sílẹ̀ lórí fóònù, lálẹ́ àná.

Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ṣì dáa. Ẹ̀gbọ́n mi kan fi ohùn ránṣẹ́ láti London lórí WhatsApp, ó kí wa kú ààwẹ̀, a gbọ́ ọ ketekete.

Aago 7:40 àárọ̀

Èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú àwọn tí mò ń kọ́ ní kọ̀ǹpútà gun ọ̀kadà. Nígbà tí a yà kúrò lójú títì, ọ̀nà pín sí mẹ́ta láàárín oko ẹ̀gẹ́, kò sì sí ẹni tí a lè bi. Ọmọ náà ṣí OsmAnd, áàpù tó ń lo máàpù OpenStreetMap, ó nawọ́ sí ti àárín. Ẹni tó ya ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn sórí OpenStreetMap, a ò mọ̀ ọ́n, òun náà ò mọ̀ wá. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn láti ọdún 2004 tí Steve Coast ti dá a sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: oníkálukú ń ya ibi tó mọ̀, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń bá a rìn. Mo ṣàdúrà fún ẹni náà lórí ọ̀kadà.

Aago 9:05 àárọ̀

Èéfín la kọ́kọ́ rí. Lábẹ́ àtíbàbà páànù, àwọn obìnrin mẹ́rin jókòó ti agbada, wọ́n ń fi àfọ́kù igbá yí gàrí. Ẹni karùn-ún ń jọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, a kí wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin màmá wa."

"Oò, ẹ kú ìrìn. Ṣé orúkọ wa lẹ fẹ́ kọ lọ fún ìjọba ni?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn, kò yẹ ká fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Mo gbé fóònù sí màmá tó béèrè lójú, mo fi ìbéèrè kọ̀ọ̀kan hàn án, mo sì ṣàlàyé ibi tí èsì ń lọ. Kóòdù ODK wà ní gbangba. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè ṣí i wò bóyá ó ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnì kan gba ẹ̀yìnkùlé lọ síbòmíràn. Èmi fúnra mi ò tíì ka gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú àwọn tó ti kà á pọ̀ káàkiri ayé, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún màmá náà. Ó ní, "Ó dáa, ẹ béèrè."

Nígbà tó kan iye àpò, kò dá mi lóhùn lẹ́nu. Ó na àfọ́kù igbá ọwọ́ rẹ̀ sí ara ògiri. Àpò gàrí 11 ló wà níbẹ̀, wọ́n ti fi okùn ọ̀rá dì wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì fi íǹkì dúdú sàmì sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan fa ìlà méjì, ẹnì kan yí òdo, ẹnì kan ya àgbélébùú.

"Ti oníkálukú ní àmì tirẹ̀. Mọ́tò ló kù. Bó bá dé lónìí, wọ́n á lọ lónìí. Bó bá di ọ̀la, gàrí tí a ti dì ò ní ìjà."

Aago 9:31 la parí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ pé kó lọ, kò lọ. Ọ̀pá nẹ́tíwọ̀ọ̀kì dúró lókè fóònù, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń gbà á kọjá. Mo rò pé dátà mi ló tán. Ọmọ náà yẹ tirẹ̀ wò, bákan náà. Fóònù fi fọ́ọ̀mù náà pamọ́, ó kọ àkókò sí i, ó ń dúró. A bọ́ sí ọ̀dọ̀ màmá kejì.

Ohun tí ODK wà fún gan-an nìyẹn. Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2008, Yaw Anokwa, Carl Hartung àti Waylon Brunette, pẹ̀lú ọ̀jọ̀gbọ́n wọn, Gaetano Borriello. Ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń lọ tó ń bọ̀ ni wọ́n ro iṣẹ́ náà mọ́ látìbẹ̀rẹ̀.  

Kó tó di ọ̀sán, a ti wọ abúlé mẹ́ta, fọ́ọ̀mù 14 ti wà nínú fóònù.

Aago 12:50 ọ̀sán

Moníyà ti dàrú nígbà tí a padà dé. Níbi POS tó wà lẹ́bàá ọjà, èèyàn bí ogún tò, ẹni tó ni POS ń na ẹ̀rọ rẹ̀ sókè bí ẹni ń wá afẹ́fẹ́. Obìnrin kan ní wọ́n ti yọ owó òun, owó ò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí òun fi ránṣẹ́ sí. Ó fẹ́ ra ohun tí wọ́n máa fi ṣínu nílé.

Rédíò ló sọ fún wa. Wáyà mẹ́rin ti bàjẹ́ lábẹ́ òkun lójúkò Abidjan, ní Côte d'Ivoire: WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne. Àwọn wáyà yìí ló ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wa lọ sí Yúróòpù tó sì ń gbé e bọ̀. Ilé iṣẹ́ MainOne ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé ibi tó ti já jìn tó nǹkan bíi kìlómítà 3 nísàlẹ̀ omi, kò sí ìdákọ̀ró tàbí àwọ̀n apẹja tó lè dé ibẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ òkun ló dà bíi pé ó mì. Àwọn bí Equiano ti Google, tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní 2022, kò bà jẹ́, ṣùgbọ́n ẹrù orí mẹ́rin kò lè bọ́ sórí ẹnì kan kó má wúwo.

Ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí ti POS, ọkùnrin kan jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tó dáa ju gbogbo tiwa lọ. Ìwé gbèsè gbogbo oníbàárà rẹ̀ ń bẹ nínú sọ́fítíwíà kan tó ń san owó fún lóṣooṣù. Sọ́fítíwíà náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ilé iṣẹ́ tó ni ín sọ̀rọ̀ lókè òkun kó tó lè ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin yìí ò mọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó ní ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀. Inú mi bà jẹ́ sí ọ̀rọ̀ náà títí di òní. Ìwé ẹni kò yẹ kó wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ ẹlòmíràn.

Aago 3:10 ọ̀sán

Àwọn ọmọ kíláàsì mi pé méje. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ márùn-ún la ní, Linux ló wà lórí gbogbo wọn. Mo rántí ìgbà tí ilé iṣẹ́ Canonical ń fi CD Ubuntu, ẹ̀yà Linux tiwọn, ránṣẹ́ káàkiri ayé láìgba kọ́bọ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ Dùgbẹ̀ ni mo ti gba tèmi, mo gbé e sáyà dé ilé. Lónìí, ọ̀rọ̀ open source, sọ́fítíwíà tí kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ti di ti àwọn ìlú ńlá. Èkó ni ẹgbẹ́ Open Source Community Africa, tí Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom dá sílẹ̀ ní 2018, ti ṣe àpéjọ ńlá wọn àkọ́kọ́ ní oṣù Kejì 2020. Ó wù mí kí ó dé Moníyà, kí ó dé Lálúpọn, kí ó dé Àkànrán.

"Bùrọ̀dá, kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ṣé ká máa lọ sílé ni?"

Mo ní kí wọ́n jókòó, Git la fẹ́ kọ́, kò sì nílò nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Mo sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn. Títí di 2005, sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ BitKeeper làwọn tó ń kọ Linux fi ń tọ́jú iṣẹ́ wọn. Ilé iṣẹ́ kan ló ni ín, ó kàn yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn, ìjà dé, ó gba ohun rẹ̀ padà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Linus Torvalds ti kọ èyí tó lè ṣiṣẹ́, òun ni Git, ó sì fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹni tó bá fi Git gba iṣẹ́ kan, gbogbo ìtàn iṣẹ́ náà ló gbà, láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Kò sí orírun kan tó gbọ́dọ̀ wà láàyè kí àwọn yòókù tó lè mí.

Ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kékeré kan la jọ ń kọ ní Yorùbá, bí èèyàn ṣe lè bẹ̀rẹ̀ Linux láìmọ ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ tó dí wa lọ́nà láti ọ̀sẹ̀ méjì ni "commit", ìyẹn kí èèyàn kó àtúnṣe tó ṣe jọ sínú ìtàn Git. Ẹnì kan ti kọ "fi pamọ́" sí i. Mo ní kò dùn mọ́ mi nínú, nítorí "save" náà ti gba orúkọ yẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a jọ lọ sóko wá sọ ti àpò gàrí ará ògiri fún wọn, àti ohun tí màmá yẹn wí. Ọmọbìnrin tó kéré jù nínú wọn, tí ìyá tirẹ̀ náà ń ta gàrí, gbé orí sókè.

"Dì í ni, Bùrọ̀dá. A kó o sápò, a dì í, a kọ àmì sí i lára. 'Push' ni mọ́tò."

Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àmì àpò ni ọ̀rọ̀ kúkúrú tí a máa ń kọ mọ́ commit, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ṣe é; push ló ń gbé e lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo fà sẹ́yìn fún un, ó jókòó sí láptọ́ọ̀pù, ó pa "fi pamọ́" rẹ́ ní ibi mẹ́sàn-án, ó kọ "dì", ó fi àmì ohùn sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó di iṣẹ́ tirẹ̀, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

Wàhálà kan ṣì wà. Láptọ́ọ̀pù karùn-ún kò ní Git, kò sì sí bí a ṣe lè wà á jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A rí fáìlì rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà kejì tó jẹ́ ẹ̀yà Ubuntu kan náà, a fi fláàṣì gbé e kọjá. Ọmọkùnrin tó ń dà á kọ bi mí bóyá olè kọ́ nìyẹn. Mo ní rárá. Ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní GPL, tí Richard Stallman kọ́kọ́ gbé jáde ní 1989, fún ẹni tó bá ní sọ́fítíwíà tó wà lábẹ́ rẹ̀ lágbára láti lò ó, láti yẹ inú rẹ̀ wò, láti tún un ṣe, àti láti fún aládùúgbò rẹ̀. Git wà lábẹ́ àṣẹ yẹn. Ó ní kí n tún ti aládùúgbò yẹn sọ. Mo tún un sọ.

Ìgbà tí oòrùn wọ̀

A ṣínu. Omi, dàbínù, ọ̀gì àti àkàrà.

Aago 11:20 alẹ́

Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti fi àwọn fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, kò lọ. Mo pa fóònù, mo sùn.

Àárọ̀ Sátidé ni mọ́tò dé: nẹ́tíwọ̀ọ̀kì padà. Fọ́ọ̀mù 14 lọ tán láàárín ìṣẹ́jú kan, iṣẹ́ àwọn ọmọ náà tẹ̀lé e. Git kì í ka ọjọ́ tí ẹrù gbéra sí ọjọ́ tí wọ́n dì í. Ẹni tó bá ṣí ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà lónìí yóò rí orúkọ ọmọbìnrin yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ "dì", àti àkókò tó ṣe é: Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù Kẹta 2024, aago 4:17 ìrọ̀lẹ́, nígbà tí kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ní Moníyà.