Àpótí Méjì Tí Kò Dé Èkó: Kí Ló Ń Mú Fíìmù Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Dùn?

Àwa tí a dàgbà sí Máfolúkù àti Àjàó Ẹ̀sítéètì, ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀, ariwo ọkọ̀ òfuurufú ló ń jí wa láràárọ̀. Lọ́dún 1984, ó ku díẹ̀ kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbé èèyàn wá bá wa nínú àpótí. Ìtàn yẹn la fi ń wọn fíìmù ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yòówù tí a bá wò.

Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Shagari ní December 31, 1983, Umaru Dikko, mínísítà ètò ìrìnnà, sá lọ sí London. Ìjọba Buhari fẹ̀sùn kàn án pé ó kó owó ìlú jẹ. Ní July 5, 1984, wọ́n jí i gbé níwájú ilé rẹ̀ ní Bayswater. Wọ́n fún un lóògùn oorun, wọ́n sì tì í mọ́ inú àpótí onípákó pẹ̀lú dókítà kan tó ń ṣọ́ èémí rẹ̀. Àwọn méjì mìíràn wà nínú àpótí kejì. Ọkọ̀ Nigeria Airways ti ń dúró dè wọ́n ní Stansted.

Kí ló tú àṣírí? Kì í ṣe ìbọn. Akọ̀wé Dikko yọjú lójú fèrèsé, ó rí wọn, ó pe ọlọ́pàá. Òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù kan, Charles Morrow, sì ṣàkíyèsí pé ẹrù tí wọ́n pè ní ti ìjọba kò ní àmì tí òfin là sílẹ̀. Ni wọ́n bá ṣí i.

Ohun tó ń já wa láyà nìyẹn ju eré ọkọ̀ àti ọta ìbọn lọ: ìwé pélébé kan tí kò sí lára àpótí.

Ìkejì, fíìmù tó dára kì í jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀ sápá kan. Inú ń bí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sí Dikko nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí olè bá jalè, ṣé ìjọba náà á wá di ajínigbé?

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Àwọn mẹ́rin ṣẹ̀wọ̀n ní Britain: ọmọ Ísírẹ́lì mẹ́ta, ọmọ Nàìjíríà kan. Ìjọba orílẹ̀-èdè méjèèjì ní àwọn kò mọ̀ sí i. Ẹni tó rán wọn níṣẹ́ kò dé kóòtù. Fíìmù tó bá lè mú wa dé iwájú ilẹ̀kùn ẹni yẹn la ṣì ń retí.