Ìfọ̀nyìn: Ìlú Ojú Ọ̀nà, Ìlú Ẹnubodè

Ìfọ̀nyìn wà ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí ilẹ̀ náà ti bá Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Nàìjíríà pààlà. Ifangni ni àwọn Faransé kọ orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló sì wà nínú ìwé ìjọba títí dòní. Orúkọ yìí kì í ṣe ti ìlú nìkan. Orúkọ ẹ̀yà Yorùbá kan ni pẹ̀lú, àwọn tí wọ́n múlé gbe Ànàgó, Àwórì àti Ọ̀họ̀rí, tí wọ́n sì ní ìlú àti abúlé ní ìhà méjèèjì ààlà.

Kọ́múùnù (ìjọba ìbílẹ̀) Ìfọ̀nyìn fẹ̀ tó 242 kìlómítà níbùú lóròó. Òun ló kéré jù nínú kọ́múùnù márùn-ún tó wà ní ẹkùn Plateau. Àwọn mẹ́rin yòókù ni Sakété, Pobè, Adja-Ouèrè àti Kétu. Sakété wà ní àríwá rẹ̀, Nàìjíríà wà ní ìlà-oòrùn, àwọn kọ́múùnù tó yí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ká sì wà ní gúúsù. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, ó pupa, ó sì gba ohun ọ̀gbìn dáadáa, àyàfi àwọn àfonífojì tí omi máa ń dúró sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìgbà òjò ń wáyé lọ́dún. Èyí àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta, á sì dé oṣù keje. Èkejì kò pẹ́ tó o, láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ fi ń gbin àgbàdo lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún kan. Ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀, ẹ̀wà àti ẹ̀pà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pẹ ni baba. Epo, ẹmu, ekùrọ́ àti ọtí líle sódàbì, ara rẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń jáde.

Ìlú Ìfọ̀nyìn àti agbègbè márùn-ún mìíràn, Banigbé, Daagbé, Ko-Koumolou, Lagbé àti Tchaada, ló para pọ̀ di kọ́múùnù náà. Yorùbá, Ẹ̀gùn àti Tọ́rì ló ń gbé ibẹ̀. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2002, ènìyàn 71,606 ni wọ́n kà. Ní ọdún 2013, wọ́n ti di 110,973. Èyí já sí pé ó lé ní 450 ènìyàn lórí kìlómítà kan níbùú lóròó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abúlé ló pọ̀ jù nínú ibùgbé wọn.

Ọ̀yọ́ ni ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ ìlú náà tọ́ka sí. Ní ọdún 1727, ìjọba ọba Dàhọ̀mì ṣẹ́gun èbúté Whydah, ọjà Ọ̀yọ́ kò sì lè gba ibẹ̀ kọjá ní ìrọ̀rùn mọ́. Ọ̀yọ́ bá yíjú sí Àjàṣẹ́, tí àwọn Òyìnbó Potogí sọ ní Porto-Novo. Láyé Aláàfin Abíọ́dún, ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọ̀nà yìí ló gbayì jù. Ẹrù ń gba ibẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹrú. Kí ọ̀nà má baà dí, àwọn ará Ọ̀yọ́ tẹ àwọn ìlú dó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìfọ̀nyìn, Ìhúnbọ̀ àti Sakété wà lára wọn. Nítorí náà, ojú ọ̀nà ló bí Ìfọ̀nyìn.

Nígbà tí Ọ̀yọ́ túká ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ààbò tó ń fún àwọn ìlú wọ̀nyí bá a lọ. Ogun Dàhọ̀mì bẹ̀rẹ̀ sí í da ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá láàmú. Òkè-Ọ̀dàn fọ́ ní ọdún 1848, Kétu sì fọ́ ní ọdún 1886. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ohun tó ju ogun lọ dé. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé tọwọ́ bọ̀wé ní Paris, wọ́n sì fa ìlà láti etíkun lọ sókè. Wọn kò bi ọba kankan léèrè. Ìlú Ìfọ̀nyìn bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ìhúnbọ̀ àti Ìkọláje, tí wọ́n jẹ́ Ìfọ̀nyìn bákan náà, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìṣàkóso ìhà méjèèjì kò jọra. Gẹ̀ẹ́sì ń gba ẹnu ọba ṣèjọba, àmọ́ ní ọ̀dọ̀ Faransé, olórí tí ìjọba yàn ló ń gba owó orí, tó sì ń kó ènìyàn lọ sí iṣẹ́ tipátipá. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1914, wọ́n tún ń fi agbára mú àwọn ọ̀dọ́ wọṣẹ́ ológun. Àwọn Ọ̀họ̀rí dìde jagun. Ọ̀pọ̀ àwọn mìíràn ní agbègbè náà kàn di ẹrù wọn ni, wọ́n sì kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹbí wọn ní Nàìjíríà. Ààlà tí wọ́n fà láti pín wọn ti di ibi ìsádi.

Dàhọ̀mì, orúkọ tí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé ń jẹ́, gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960. Nàìjíríà gba tirẹ̀ ní oṣù méjì lẹ́yìn náà. Ìlà Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì kò parẹ́. Ní ọdún 1975, Dàhọ̀mì di Bẹ̀nẹ̀. Ní ọdún 1999, wọ́n yọ Plateau kúrò lára ẹkùn Ouémé, òfin ọdún náà sì fún àwọn kọ́múùnù ní agbára láti dìbò yan ìgbìmọ̀ àti méẹ̀ (olórí kọ́múùnù) tiwọn.

Igolo ni ẹnubodè kọ́múùnù náà. Ibẹ̀ ni ọ̀nà tó ti Àjàṣẹ́ bọ̀ ti ya: ọ̀kan kọjá sí Ìdí-Ìrókò ní Nàìjíríà, èkejì gba Ìfọ̀nyìn lọ sí Sakété, Pobè àti Kétu. Sẹ́fà àti náírà ni wọ́n jọ ń ná níbẹ̀. Epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń pè ní kpayó ń ti Nàìjíríà wọlé, ìrẹsì àti aṣọ sì ń lọ. Bí Nàìjíríà bá ti bodè, ebi máa ń dé ọjà Igolo. Ó ṣẹlẹ̀ láti ọdún 1984 sí 1986. Ó tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọn kò sì ṣí ti Ìdí-Ìrókò títí di oṣù kẹrin ọdún 2022.

Faransé ni ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń kọ́ ní Ìfọ̀nyìn, Gẹ̀ẹ́sì ni ti Ìhúnbọ̀. Ní ilé, Yorùbá ni wọ́n jọ ń sọ. Ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún aráyé fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò lápapọ̀, ń jáde ní ìhà méjèèjì. Orílẹ̀-èdè méjì ni wọ́n. Ìfọ̀nyìn kan náà ni.