Ẹsẹ̀ Wíwú Kì Í Ṣe Àrùn Kan Ṣoṣo

“Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.” Àwọn àgbà tó pa òwe yìí rí i pé ìrísí nìkan kò tó láti fi mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀dá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì béèrè ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ wíwú ṣe rí gan-an nìyí. Bí ẹsẹ̀ ẹnìkan bá ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ láàrin wa, kíá ni àwọn kan á ti ní jàbùtẹ̀ ni, àwọn mìíràn á ní ó tẹ oògùn mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àrùn tó ń mú ẹsẹ̀ wú pọ̀, orísun wọn yàtọ̀, ìtọ́jú wọn kò sì dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká mú jàbùtẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀fọn ló ń gbé e kiri. Ẹ̀fọn tó bá mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní in lè kó ọmọ aràn tí wọ́n ń pè ní Wuchereria bancrofti sára ẹlòmíràn. Inú àwọn òpó tín-ín-rín tí omi ara ń gbà padà sínú ẹ̀jẹ̀ ni aràn yìí ń gbé, ó sì lè lo ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ níbẹ̀. Bí òpó wọ̀nyí bá bàjẹ́, omi ara á há sínú ẹsẹ̀, awọ á nípọn, á le, á sì di ìṣẹ́po. Ẹsẹ̀ kan sábà máa ń tóbi ju èkejì lọ, àtẹ́lẹsẹ̀ àti ọmọ ìka náà á sì wú. Lára ọkùnrin, aràn kan náà lè fa ìpá.

Ní ọdún 1976, dókítà Robert Stemmer kọ nípa àyẹ̀wò kan tí kò gba irinṣẹ́ kankan. Ẹ fi ìka méjì fa awọ tó wà ní ìdí ọmọ ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ sókè. Bí kò bá ṣeé fà, a jẹ́ pé omi ara ló há síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ṣeé fà, ẹ má tíì sọ pé kò sí nǹkan, nítorí àrùn náà lè ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Àìsàn kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì mọ́ èyí: lipedema, tí àwọn dókítà Allen àti Hines sọ lórúkọ ní Mayo Clinic, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1940. Ọ̀rá ni tirẹ̀, obìnrin ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń ṣe tán. Ẹsẹ̀ méjèèjì ló máa ń tóbi bákan náà láti ìdí dé kókósẹ̀, á wá dúró síbẹ̀ láì kan àtẹ́lẹsẹ̀. Bí a bá fọwọ́ kàn án, á dùn ún. Nǹkan kékeré ló sì ń mú ẹ̀jẹ̀ rú sábẹ́ awọ rẹ̀. Àìjẹun kì í mú un fọn, nítorí náà ìwà ìkà ni kí a máa bú irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ní alájẹjù.

Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá wú, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun fún ìgbà díẹ̀. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn, tí kò tètè padà, omi ló wà níbẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọkàn, kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ ni àìsàn wà. Ẹni tí èémí ń há bó bá dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ọkàn ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹni tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ń wú láàárọ̀, kí wọ́n wo kíndìnrín rẹ̀. Kókósẹ̀ ọ̀pọ̀ aboyún máa ń wú díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú lójijì, tí orí ń fọ́, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, kó dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti ru dé 140/90, ewu ń bẹ fún òun àti ọmọ inú rẹ̀.

Èyí tó yẹ kó bà wá lẹ́rù jù ni ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú láàrin ọjọ́ mélòó kan, tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun ń ro, pàápàá lẹ́yìn ìbímọ, iṣẹ́ abẹ tàbí ìrìn àjò gígùn. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì sínú iṣan ibẹ̀, bó bá sì já, ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, kó pa èèyàn. Ẹ má wọ́ ọ, ẹ má fi omi gbígbóná jó o. Bí ibà bá kún un, tí ẹsẹ̀ sì gbóná, kòkòrò àrùn lè ti wọ awọ. Lára awọ dúdú, pípọ́n rẹ̀ kì í hàn kedere, nítorí náà ọwọ́ ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sí ẹsẹ̀ tó wú, torí ojú gbẹ́rẹ́ ni kòkòrò ń gbà wọlé. Ọṣẹ àti omi lójoojúmọ́, gbígbẹ àárín ọmọ ìka dáadáa, gbígbé ẹsẹ̀ sókè àti wíwọ bàtà ló ń dá jàbùtẹ̀ dúró kó má burú sí i. Tógò fi oògùn ọdọọdún lé àrùn náà lọ, wọ́n sì di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní gúúsù Sàhárà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí pé ó borí rẹ̀, ní ọdún 2017. Bí wọ́n bá ń pín oògùn yìí ládùúgbò yín, ẹ gbà á, ẹ lò ó. Bí ẹsẹ̀ ẹnìkan nínú ilé yín bá sì ń wú, ẹ má sọ ọ́ lórúkọ kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò.