Ògùṣọ̀ Nínú Ìpolongo Ìbò

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi ògùṣọ̀ polongo ìbò ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àti ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún àwa ará Òrè àti Odígbó.

Ògùṣọ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Ìtàn Mọrèmi sọ pé iná ni Ifẹ̀ fi lé àwọn Ugbò tí wọ́n fi ìko bora wá kó wọn lẹ́rú. Títí di òní ni Ugbò wà ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà pẹ̀lú wa. Iṣẹ́ méjì ni ògùṣọ̀ ń ṣe: ó ń tan ìmọ́lẹ̀, ó sì ń jó nǹkan.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1860, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ní ìlú Hartford ní Amẹ́ríkà, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ akọ̀wé ilé ìtajà, dá ẹgbẹ́ Wide Awakes sílẹ̀; ìtumọ̀ rẹ̀ ni àwọn tí oorun kò sí lójú wọn. Abraham Lincoln ni wọ́n ń polongo fún. Nítorí pé epo ń kán sí wọn lára láti ara ògùṣọ̀, wọ́n ń fi aṣọ dúdú tí ń dán bo èjìká, aṣọ náà sì di aṣọ ẹgbẹ́. Wọ́n a tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ bí ọmọ ogun, wọ́n a sì yí ìlú ká lóru.

Èé ṣe tí ó fi jẹ́ òru? Ìdí kìíní ni pé alẹ́ ni ọwọ́ òṣìṣẹ́ ń dilẹ̀. Èkejì ni pé iná ń mú kí èrò hàn kedere láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀kẹta ni pé ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21, tí kò lè dìbò, lè gbé ògùṣọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn olówó ẹrú ní ìhà Gúúsù kò rí ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ ogun ni wọ́n rí. Lincoln wọlé ní oṣù kọkànlá. Ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1861. Ọ̀rọ̀ oko ẹrú ni ó fa ogun náà, kì í ṣe ògùṣọ̀. Síbẹ̀ ògùṣọ̀ fi kún ìbẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ kí á padà wálé. Lẹ́yìn ìdìbò ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 1965 ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé wọ́n yí èsì ìbò padà. Wọ́n ń da epo bẹntiróòlù sí ilé àti ara alátakò, wọ́n ń ṣáná sí i. Èyí ni wọ́n ń pè ní wẹ́tìẹ̀. Rúkèrúdò náà wà lára ohun tí àwọn ológun tọ́ka sí nígbà tí wọ́n dìtẹ̀ gba ìjọba ní oṣù kìíní ọdún 1966. Ogun abẹ́lé tẹ̀ lé e. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra gba Ìbíní, wọ́n dojú kọ Èkó, Òrè sì ni wọ́n ti dá wọn dúró. Láti ìgbà náà ni ìjà Òrè ti di àfiwé fún ìjà tí ó le.

Ní ọdún 1979, ògùṣọ̀ tí ń jó wà lára àmì ẹgbẹ́ UPN, kí ẹni tí kò mọ̀wé lè dá a mọ̀ nígbà ìdìbò. Ẹgbẹ́ náà ni Michael Ajasin fi di gómìnà Oǹdó. Ní ọdún 1983, wọ́n kéde pé igbákejì rẹ̀ àtijọ́, Akin Omoboriowo ti ẹgbẹ́ NPN, ni ó wọlé. Ará ìlú kọ̀: ilé jóná, ẹ̀mí ṣòfò. Lẹ́yìn náà ni ilé ẹjọ́ dá a pé Ajasin ni ó borí.

Àwọn kan yóò sọ pé bí kì í bá ṣe iná náà ni, adájọ́ kì bá tí gbọ́. Ẹ má fojú tín-ínrín àríyànjiyàn yìí. Ṣùgbọ́n èsì ìbò tí a kọ sílẹ̀ ni a fi ń ṣẹ́gun ní kóòtù. Ilé tí ó jó kì í jẹ́rìí, òkú kì í sì í padà wálé. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín léèrè pé: ta ni ó yẹ kí ó máa ṣọ́ ìbò nígbà tí wọ́n bá ń kà á, kí ògùṣọ̀ má baà di ohun ìjólé?