Chevelle ọdún 1970 àti pick-up Ram TRX: èwo ló lágbára jù?

Ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní "muscle car" ni mọ́tò alábọ́ọ́dé tí wọ́n ki ẹ́ńjìnì ńlá bọ̀ nínú, tí owó rẹ̀ kò sì ga ju ọwọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ. Pontiac GTO ti 1964 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí àkọ́kọ́ wọn. Nígbà tó fi máa di 1970, Chevrolet ti gbé Chevelle SS 454 jáde. Èyí tó le jù nínú wọn, tí wọ́n ń pè ní LS6, ẹ́ńjìnì V8 lítà 7,4 ló ní, agbára ẹṣin 450 ni wọ́n sì kọ sí i.

Ní 2020 ni Ram fi 1500 TRX hàn. Pick-up ni, ìyẹn irú èyí tí àwa ń pè ní bàṣé láti ayé Peugeot 404. Ẹ́ńjìnì tiẹ̀ kéré sí ti Chevelle, lítà 6,2, àmọ́ ẹ̀rọ kan wà lórí rẹ̀ tó ń fi ipá ti afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, ẹsáǹsì púpọ̀ á lè jó lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ló gbé e dé agbára ẹṣin 702.

Ẹ má wulẹ̀ yọ 450 kúrò nínú 702 o. Ní 1970, ẹ́ńjìnì nìkan ni wọ́n ń gbé sórí ẹ̀rọ ìwọ̀n: kò sí páìpù èéfín tó máa wà lábẹ́ mọ́tò, kò sí fáànù, kò sí ohun tó ń fi iná sí bátìrì. Nígbà tó di 1972 ni àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà wá ń kọ iye tí ẹ́ńjìnì ń mú wá pẹ̀lú gbogbo ẹrù tó ń gbé. Ká ní ìwọ̀n òde òní ni wọ́n fi wọn Chevelle, kò ní dé 450 rárá.

TRX súnmọ́ kílò 2 900. Chevelle ò ju nǹkan bí 1 800 lọ. Síbẹ̀, TRX ń kúrò lójú kan dé kìlómítà 97 ní wákàtí láàárín ìṣẹ́jú àáyá 4,5, gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ náà ṣe sọ. Chevelle ń lò tó nǹkan bí 6. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin TRX ló ń fà, vitesse 8 ló ní, ó sì ń yí i fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì ẹ̀yìn nìkan ni Chevelle fi ń ta, táyà ìgbà yẹn sì tẹ́ẹ́rẹ́: ó ń yí lójú kan, èéfín ń rú, mọ́tò ò tíì kúrò. Àmọ́ tó bá di eré àsápajúdé, TRX kì í kọjá nǹkan bí 190, torí táyà ńlá rẹ̀ ni wọ́n ṣe dè é mọ́bẹ̀.

Ẹsáǹsì ńkọ́? TRX ń mu bíi lítà 20 ní kìlómítà 100. Chevelle náà kì í ṣe aláwẹ̀, èyí tó dára jù, tó ní òjé nínú, ló sì ń fẹ́. Láti 1971 ni wọ́n ti dín agbára àwọn ẹ́ńjìnì wọ̀nyí kù nítorí òfin èéfín. Nígbà tí epo wọ́n ní 1973, ayé wọn parí.

Ti àtúnṣe, Chevelle ni mo fara mọ́: kabúrétọ̀ ni, mẹkaníìkì tó ní sípánà á mọ ibi tó ń dùn ún. TRX ò ní sọ̀rọ̀ àfi pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ra Chevelle kó ṣọ́ra, nítorí ojúlówó LS6 ti di olówó gọbọi, àwọn kan sì ń lẹ àmì SS mọ́ Chevelle lásán. Nọ́ńbà ara mọ́tò nìkan kò lè fi hàn pé SS ni. Ìwé tí ilé iṣẹ́ fi tò ó ní 1970 ni kí ẹ béèrè.